Kàbúrétọ̀ Bàbá Tísà àti Ẹjọ́ Tí Kò Kàn Mí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀ ní agboolé wa, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Kàbúrétọ̀ ni. Kàbúrétọ̀ maṣíìnì, ohun tí èèyàn lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ kan, òun ni kò jẹ́ kí Bàbá Tísà àti ìyàwó wọn jọ sọ̀rọ̀, òun ló kó èéfín bá léèsì funfun Ìyá Onílé, òun náà ló sì sọ Àlááji yàrá ẹ̀yìn di ẹni tí ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ibi tí ìkòkò ẹ̀wà mi jókòó sí lẹ́nu géètì ló fà á. Ẹni tó bá ń wọlé, ojú mi ló máa kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó bá ń jáde, etí mi ló máa sìn ín dé òde. Bí mo bá fi ọwọ́ kan bojú, tí mo fi ìkejì dití, èwo ni n óò fi bu ẹ̀wà?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi maṣíìnì ọ̀hún hàn yín, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ adùn ìjà náà. Honda CB175 ni, owó Udoji sì ni Bàbá Tísà fi rà á. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ Udoji. Ayé Gowon ni. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n fowó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, wọ́n kó àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó máa ra rédíò rà á, ẹni tó máa fẹ́ ìyàwó fẹ́ ẹ. Bàbá Tísà ra Honda. Ìyàwó wọn àkọ́kọ́, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, a máa sọ pé maṣíìnì ìránṣọ ni Bàbá ṣèlérí fún àwọn, pé àfi bí àwọn ṣe gbọ́ ìró maṣíìnì lóòótọ́, tí àwọn yọjú, tí àwọn rí i pé ti onítáyà méjì ni.

Ẹ má sì pè é ní ọ̀kadà níwájú Bàbá o. Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà lọ́jọ́ náà, ilé ìwé kì í kọ́ni tó bẹ́ẹ̀. "Okada Air lo fẹ́ sọ àbí? Ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Igbinedion nìyẹn. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Honda mi ti ń gbé mi lọ síléèwé kí ọkọ̀ òfuurufú yẹn tó gbéra." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Kò sì tíì gba páálí tí wọ́n rán an níṣẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó ya CB175 sọ́tọ̀ ni pé sìlíńdà méjì ló ní, sálẹ́ńsà méjì, kàbúrétọ̀ méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wá dàrú.

Bí ẹlẹ́wà ṣe wá mọ kàbúrétọ̀ náà ní ìtàn. Ẹ̀ńjíníà ni mẹkáníìkì abẹ́ igi dóńgóyárò tó kọjú sí mi. Kò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bó ṣe ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì yóò gbà pé orúkọ náà yẹ ẹ́. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwìn ló ń jẹ ẹ̀wà mi. Bí mo bá bèèrè owó, á ní, "Màmá, ẹ jókòó ná, ẹ wá wo nǹkan." Á gbé irin kan sílẹ̀, á sì máa ṣàlàyé títí oníbàárà mìíràn yóò fi dé, tí n óò fi gbàgbé owó. Àwọn ẹlòmíì san owó kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́; ẹ̀wà ni mo fi kọ́ tèmi, pẹ̀lú dòdò lórí.

Ohun tó kọ́ mi rèé. Ẹ́ńjìnnì kì í mu epo lásán, afẹ́fẹ́ tí a po epo mọ́ ló ń mu, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló sì pọ̀ jù: bí a bá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń lọ sí gíráàmù epo kan. Kàbúrétọ̀ ló ń pò ó. Abọ́ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí epo ń dúró sí. Fílóòtì ń léfòó nínú abọ́ náà. Bí epo bá ti tó, fílóòtì á ti abẹ́rẹ́ kékeré kan sókè, abẹ́rẹ́ á dí ẹnu ọ̀nà epo. Bí ẹ bá fún maṣíìnì níná, sílàídì á gòkè, ọ̀nà ọ̀fun á là, afẹ́fẹ́ á sáré kọjá, á sì fa epo gba inú jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì ni idẹ tín-ín-tín tí wọ́n lu ihò sí láàárín, ihò náà kéré débi pé ẹ ní láti kọjú rẹ̀ sí oòrùn kí ẹ tó rí i. Bí ihò bá dí, epo ò ní tó, ẹ́ńjìnnì á gbóná, orí púlọ́ọ̀gì á funfun, bó bá sì pẹ́, pístìn á gán mọ́ ara sìlíńdà. Bí ihò bá fẹ̀ jù, epo á pọ̀, púlọ́ọ̀gì á dú, èéfín dúdú á máa jáde, owó á sì máa bá èéfín lọ.

Ìyẹn ti kàbúrétọ̀ kan ni. Ti méjì, Ìyá Ìbejì ará ilé wa ló là á yé mi jù. Ó ní bí Táyé bá jẹun tí Kẹ́hìndé kò jẹ, Táyé tó yó gan-an kò ní rí oorun sùn, ariwo èkejì ni yóò fi ilẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sìlíńdà méjì: bí ọ̀kan bá ń mu dáadáa tí èkejì kò rí mu, gbogbo maṣíìnì ni yóò máa gbọ̀n. Ìyá Ìbejì kò fọwọ́ kan sípánà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀ńjíníà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó mi orí títí.

Ó dáa. Báwo ni wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo kan wọ ìlú tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, ilé epo sì kún fún ìlà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà, ó máa ń mú un wú, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ irin inú kàbúrétọ̀. Bàbá Tísà ti ra epo ní tiwọn kí ìròyìn tó jáde. Wọ́n ní àwọn ò mọ irú èyí tó wà nínú táǹkì àwọn, nítorí náà àwọn ò ní gùn ún mọ́ títí ìlú yóò fi tòrò. Ìlú tòrò, Bàbá gbàgbé. Bí wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀ nìyẹn, táǹkì kún, epo wà nínú abọ́ kàbúrétọ̀ méjèèjì, òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Epo tó bá pẹ́ nínú abọ́ bẹ́ẹ̀ á gbẹ, á fi gọ́ọ̀mù aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, gọ́ọ̀mù yẹn á sì lọ jókòó sínú ihò jẹ́ẹ̀tì gan-an.

Ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ tuntun dé, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọkọ̀ gbówó lórí. Bàbá rántí Honda. Wọ́n ní àwọn ò lè máa san irú owó ọkọ̀ yẹn lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n tì í jáde, wọ́n ta á, kò dún. Wọ́n tún ta á, ó wúkọ́. Ó wá dún lápá òsì nìkan, apá ọ̀tún ń tu epo sílẹ̀.

Ilé pín sí mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Bàbá ní, "Oríjínà ni a ó rà. Táíwáànì kò gbọdọ̀ kan Honda mi." Àlááji yàrá ẹ̀yìn, tó ń gun Bajaj tirẹ̀, ní kí Bàbá má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, pé kàbúrétọ̀ maṣíìnì CG125 tuntun wà lọ́jà, kò wọ́n, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ńjíníà ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ díẹ̀, kí òun kọ́kọ́ tú ti àtijọ́ wò. Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tó ní ká ṣe sùúrù kì í ní ọmọlẹ́yìn? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀wà ló padà wá jẹ.

Bàbá bá ọ̀nà wọn lọ sí ọjà páátì kan tí n kò ní í dárúkọ, wọ́n sì ra kàbúrétọ̀ kan ṣoṣo, torí owó ọwọ́ wọn kò ká méjì. Páálí rẹ̀ ń dán, orúkọ ilé iṣẹ́ Keihin wà lára rẹ̀, ẹni tó tà á sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ búra. Èmi ti ń tajà ọjọ́ ti pẹ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dára kì í fi ìyá rẹ̀ búra. Bàbá gbé e fún Ẹ̀ńjíníà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀ńjíníà yí i síwá, yí i sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bàbá wọlé tán ló wá pè mí.

"Màmá, ẹ fi ìka kan inú ọ̀fun rẹ̀ wò." Mo fi kàn án, ó rí gbágungbàgun, etí irin tí wọn kò yọ kúrò ń ha mí lọ́wọ́. Ó yọ jẹ́ẹ̀tì, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúlówó máa ń ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ó mi fílóòtì, ó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí ìṣó rẹ̀. Lẹ́tà orúkọ tó wà lára irin náà sì ti wú pọ̀ mọ́ra wọn. Ó ní Honda ti ṣíwọ́ ṣíṣe CB175 láti ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1970, pé ilé iṣẹ́ Keihin fúnra rẹ̀ ti wọ inú Hitachi Astemo láti 2021. "Ta ló wá jókòó tó ń rọ kàbúrétọ̀ CB175 tuntun, tó ń kó o sínú páálí tuntun, tó sì ń kọ oríjínà sí i?" Mo ní kó lọ sọ fún Bàbá. Ó ní òun ò lè sọ fún àgbàlagbà pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì, kó jẹ́ pé maṣíìnì náà ni yóò sọ fún wọn.

Maṣíìnì sì sọ. Ẹ̀ńjíníà dè é sápá ọ̀tún, ti àtijọ́ wà lápá òsì. Bó ṣe dún, gíláàsì tí mo fi ń wọn ẹ̀wà ń rìn lórí tábìlì. Ẹ̀ńjíníà fi ọwọ́ kan sẹ́yìn sálẹ́ńsà ọ̀tún, ó fi èkejì sẹ́yìn tòsì. Atẹ́gùn apá kan ń lù ú lọ́wọ́, ti apá kejì ń mí gúlegúle. Ó ní kí n wá fọwọ́ síbẹ̀, mo ní ẹlẹ́wà ni mí, n ò lè fi èéfín bu oúnjẹ. Ìyá Ìbejì kàn rẹ́rìn-ín látẹnu ọ̀nà, ó ní, "Kẹ́hìndé ò tíì jẹun."

Ibí ni ìyàwó tí Bàbá fẹ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ti dá sí i. Ẹ má wò ó pé ó kéré lọ́jọ́ orí o, obìnrin yẹn gbọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni. Àlááji lọ bá a nídìí omi, ó ní kí ó fowó rẹ̀ gba ilé là. Àwọn méjèèjì ló lọ ra kàbúrétọ̀ CG méjì wá, bákan náà ni wọ́n rí, tuntun ni wọ́n. Bàbá kọ̀ wọ́n ní ojúkojú. Ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ nípa CG: "Maṣíìnì àwọn tí kì í pààrọ̀ ọ́ìlì!" Kì í ṣe èébú lásán náà. Honda ti rí i pé ní àwọn ìlú bíi tiwa, wọ́n ń gun maṣíìnì láìtọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì CG125 ní ìlànà tí kò lọ́jú pọ̀, tó lè fara da ìyà. Ọdún 1976 ló jáde, ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Honda ní Manaus lórílẹ̀-èdè Brazil fi CG125 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tísà ni Tísà ń jẹ́: wọ́n á bú yín, wọ́n á sì kọ́ yín ní ìtàn ayé lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n owó ti kúrò lọ́wọ́. Wọ́n dè é. Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dún! Ìyàwó jó. Àlááji na ọwọ́ sókè. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀ńjíníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kàbúrétọ̀ CG, sìlíńdà 125 kan ni wọ́n ṣe é fún. Honda Bàbá, 174 ni gbogbo rẹ̀, bí a bá pín in sí méjì, 87 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fun kàbúrétọ̀ náà fẹ̀ jù fún wọn: bí èèyàn bá rọra ń lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í sáré tó, kì í lè fa epo bó ṣe yẹ, jẹ́ẹ̀tì tó sì bá a wá, epo sìlíńdà ńlá ló ń bù. Rọ́bà tó so ó mọ́ ibi afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n fi wáyà dì í. Ọwọ́ ṣóòkù rẹ̀ ń gbún ara férémù. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ lo irú rẹ̀, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, yóò máa yọ púlọ́ọ̀gì wò títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n rúsúrúsú, kì í ṣe iṣẹ́ à-dè-gùn. Wọ́n ní kó má ba ayọ̀ jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ìyá Onílé ti fọ léèsì funfun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn, wọ́n sá a sórí okùn. Bàbá gbé Honda sábẹ́ okùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú un gbóná díẹ̀. Èéfín tó jáde lójú sálẹ́ńsà méjèèjì, dúdú kìjikìji, ó gòkè wẹ́rẹ́, ó wọ inú ihò léèsì lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò lè tún gbogbo ohun tí Ìyá Onílé sọ sọ, torí ọmọdé lè wà lára àwọn tí ń gbọ́. Mo kàn rántí pé wọ́n mẹ́nu ba owó ilé oṣù mẹ́ta, wọ́n mẹ́nu ba ọdún Udoji, wọ́n ní bí Gowon bá mọ̀ ni, ì bá fi owó náà pamọ́. Bàbá kọjú sí ìyàwó, ìyàwó kọjú sí Àlááji, Àlááji rántí pé òun ní ìrun láti kí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ n yà bàrà díẹ̀, n óò padà. Ọmọ Bàbá kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù ni a ń pè é. Ó pe Bàbá lórí WhatsApp, ó gbọ́ ẹjọ́, ó ní òyìnbó àgbàlagbà kan wà ládùúgbò àwọn tó ní Triumph àtijọ́, pé kí òun lọ bi í. Òyìnbó ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa, ó sì dájọ́ wa dọ́gba. Ó ní ti àwọn rọrùn díẹ̀: Amal ni kàbúrétọ̀ àwọn Triumph wọ̀nyẹn, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló para pọ̀ di Amal ní 1927, títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe é, Burlen ní ìlú Salisbury ló ni ín báyìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Concentric jáde ní 1967. Irin rírọ̀ kan náà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ àti sílàídì rẹ̀, wọ́n á máa ha ara wọn títí àlàfo á fi wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ tí a kò pè á sì máa wọlé. Àwọn tó ń ṣe é lónìí ti fi sílàídì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Oríjínà tòní sàn ju oríjínà 1967 lọ, ẹ gbọ́ nǹkan! Ó tún ní àwọn kan ń yọ Amal sọnù, wọ́n ń fi Mikuni ti Japan sí i, ó sì ń gbé wọn dáadáa, bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Amal ni Mikuni ti gba àṣẹ láyé ọjọ́un kó tó máa ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìí tó tò lórí mi. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń jà, orúkọ tó wà lára páálí ni wọ́n ń jà lé lórí, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń ṣe maṣíìnì gan-an. Orúkọ oríjínà kò ní kí sílàídì tó ti ha tán má jo afẹ́fẹ́, orúkọ Táíwáànì kò sì ní kí kàbúrétọ̀ tuntun tó bá ẹ́ńjìnnì mu má ṣiṣẹ́. Kí a tú u wò ni kó ṣáájú kí a rà. Ẹ̀ńjíníà ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kò kàn ní fìlà àgbà lórí ni.

Bàbá wá fún un láyè. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, ó to irin kàbúrétọ̀ àtijọ́ sí i, ti òsì lápá kan, ti ọ̀tún lápá kan, kí wọ́n má bàa dàpọ̀. Gọ́ọ̀mù wà nínú abọ́ méjèèjì, ó ń rùn kíkan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fa wáyà yọ láti fi gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ńjíníà gbá a lọ́wọ́. "Wáyà á fẹ ihò lójú, o ò sì ní lè dá a padà." Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ mi ló wá tọrọ, ó fa ẹyọ kan yọ, ó rọra fi yọ ìdọ̀tí lẹ́yìn tó ti rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú epo. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó." Ihò yẹn yọ kedere.

Ó gbé ẹnu kàbúrétọ̀, ibi tó ti ń kan ẹ́ńjìnnì, lé orí dígí. Ti òsì jókòó pẹrẹsẹ. Ti ọ̀tún ń jan gbọ́ngbọ́n, ẹnì kan ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù nígbà kan rí, ó ti tẹ̀. Òrùka rọ́bà róbótó tó wà níbẹ̀ sì ti gan, ó gé sọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? Afẹ́fẹ́ ń gba ibí wọlé. Bí a bá gbé kàbúrétọ̀ tuntun láti ọ̀run wá, tí rọ́bà yìí ṣì wà níbẹ̀, kò ní jókòó." Ó ju sílàídì òsì sínú ilé rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ju ti ọ̀tún, ó ń mì wọkọwọkọ. Ìyẹn ló ní àwọn ò lè tún ṣe.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyí. Ti òsì, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fílóòtì tuntun àti gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, àwọn ohun tí ẹlòmíì ṣe, tí kì í ṣe Honda. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀tì idẹ àtijọ́ ni Ẹ̀ńjíníà dá padà síbẹ̀, torí nọ́ńbà lè bára mu kí ihò má bára mu, àgàgà bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe é; nọ́ńbà Keihin kì í ṣe nọ́ńbà Mikuni. Ti ọ̀tún, Bọ̀ọ̀dá Lọ́ńdọ̀nù rí àlòkù CB175 tí wọ́n ti tú ká, ó ra apá ọ̀tún rẹ̀, ó kó o sínú bàtà, bàtà wọ kágò, kágò dé. Wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ lé orí dígí wò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dè é. Ẹ̀ńjíníà fa wáyà iná, ó ń yojú wò bóyá sílàídì méjèèjì ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fọwọ́ sẹ́yìn sálẹ́ńsà méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ní, "Wọ́n ti jẹun."

Nítorí náà, ẹni tó bá ní maṣíìnì àtijọ́, tó wá ra ẹ̀wà, tó tún fẹ́ gba ìmọ̀ràn, ohun tí mo ń sọ fún un kò gùn. Bí ara kàbúrétọ̀ tó bá a wá bá ṣì le, má gbé e sọnù, tún inú rẹ̀ ṣe. Bó bá ti ha, wá àlòkù rẹ̀ tó dáa, tàbí kí o ra tuntun ẹlòmíì tó bá ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ mu, kí o sì ní mẹkáníìkì tó lè ka púlọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ oníméjì, méjì ni kí o rà. Bí ọlọ́jà bá sì fi ìyá rẹ̀ búra, kí ìwọ náà rántí ilé.

Ẹ ò ní bi mí nípa kàbúrétọ̀ CG méjì tó kó èéfín bá léèsì? Ìyàwó Bàbá tà wọ́n fún àwọn ọlọ́kadà ìkóríta tó ń gun CG125. Wọ́n dè wọ́n mọ́ ọn, ó wọ̀ ọ́ gẹ́ẹ́, kò sí èéfín, kò sí ariwo, ó ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbé Bàbá láìpẹ́ yìí lọ́jọ́ tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n gbé Honda jáde. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ní, "Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ìyẹn ni." Wọ́n wọlé. Ìyàwó ní owó àjọ òun ti pé, ó sì ti ń kí ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ìyá Onílé ra léèsì mìíràn, àwọ̀ eérú.

Ẹ̀ńjíníà gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, ó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, gbèsè ẹ̀wà mi ṣì wà nílẹ̀. Lánàá ó tún bu abọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó ná, mo fẹ́ fi gíábọ́ọ̀sì hàn yín." Mo ní kó kọ́kọ́ san owó kàbúrétọ̀.